Áyọ́ọ̀nù onígáàsì kì í ṣe àlejò ní Ògbómọ̀ṣọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ-ọmọ mi ló máa ń ra ìwé ìròyìn yín bọ̀ fún mi láti Tákìé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì máa ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ìkéde òkú. Nínú èyí tó jáde kẹ́yìn, ẹ sọ̀rọ̀ nípa àwọn téèlọ̀ àti alágbàfọ̀ tí wọ́n ti pa áyọ́ọ̀nù oníná tì, tí wọ́n wá ń lo èyí tí wọ́n so mọ́ sílíńdà gáàsì, nítorí pé iná kò dúró. Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wá fi kún un pé àwọn bàbá wa kò gbọ́ irú áyọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ rí, pé ọdún àìpẹ́ yìí ni gáàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ aṣọ lílọ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ má bínú, mi ò lè jẹ́ kí èyí lọ bẹ́ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù onígáàsì ló san owó iléèwé mi. Òun ló ra máṣíìnì tí mo fi kọ́ iṣẹ́ téèlọ̀. Ó wà lórí pẹpẹ níwájú mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti nù ún kí n tó jókòó.

Alágbàfọ̀ ni bàbá mi. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì òyìnbó tó wà ní ọgbà ọsibítù Baptist, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Bowen báyìí, ni wọ́n ń fọṣọ fún. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti pẹ́ láàárín wa. Bowen fúnra rẹ̀, míṣọ́nnárì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọsibítù náà, dé síbí ní 1855. Dókítà George Green dé ní 1907, òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn tó di ọsibítù yẹn. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn kó ẹrù wá, ohun tí ojú wa kò rí rí sì wà nínú ẹrù náà. Ní 1956, ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, tọkọtaya kan tí bàbá mi ń fọṣọ fún ń padà sílé pátápátá. Áyọ́ọ̀nù méjì ni wọ́n ní. Wọ́n fún bàbá mi ní ọ̀kan, wọ́n fún alágbàfọ̀ kejì tó ń gbé ní Ìjẹ̀rù ní ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà náà. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi.

Kó tó dìgbà yẹn, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni bàbá mi ń lò, èyí tó ní àkùkọ kékeré níwájú tí a fi ń há ìdérí rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Ẹ ó kó èédú sí i, ẹ ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí yóò fi pọ́n, ẹ ó wá gbé e dání, ẹ ó máa fì í síwá fì í sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè gba ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó ń lọṣọ dáadáa. Eérú rẹ̀ ni ìṣòro. Kóòtù funfun ni àwọn dókítà ń wọ̀, a ti fi búlúù ṣan án, a ti fi sítáàṣì sí i, ó ti ń dúró gbọnyin. Ìpẹ́pẹ́ iná kan ṣoṣo tó bá ta bọ́ sí i lára, ihò dé nìyẹn, owó oṣù bàbá mi ni wọ́n yóò sì fi dí i. Ìyá mi sọ pé ọjọ́ kan wà tí bàbá mi jókòó ti kóòtù tó jó lápá láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí wọn kò fẹnu kan oúnjẹ.

Áyọ́ọ̀nù tó dé yìí kò ní àkùkọ, kò sì ní eérú. Tánganran ni wọ́n fi bò ó lára, búlúù bí aṣọ tó ti wọ inú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Igi ni ibi tí a ń dì mú. Lẹ́yìn ni táńkì rẹ̀ wà, roboto bí ọsàn, ó ń dán bíi fàdákà, òun ni ó ń gba epo dúró. Ti ìsinsìnyí, okùn rọ́bà ló so ó mọ́ sílíńdà tó wà nílẹ̀; ti bàbá mi pọn epo rẹ̀ sẹ́yìn bí abiyamọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ṣóńṣó níwájú, ó tún ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú omi, tó fi jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń tì í lọ ló ń ṣiṣẹ́, bí ẹ ṣe ń fà á bọ̀ náà ló ń ṣiṣẹ́, ẹ kò ní láti yí i padà nídìí kọ́là. Páńpù rẹ̀ wà lọ́tọ̀, bíi ti kẹ̀kẹ́. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Coleman, ìlú tí wọ́n ti ṣe é sì ni Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Bàbá mi kò kàwé púpọ̀. “Kóómáànù” ni wọ́n ń pè é. “Gbé Kóómáànù wá,” a ó sì gbé e wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé gáàsì kọ́ ló wà nínú rẹ̀, bẹntiróòlù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹntiróòlù ni. Àwọn Amẹ́ríkà ló ń pe bẹntiróòlù ní gáàsì, ẹnu wọn ni àwọn bàbá wa ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orúkọ náà tọ́ sí i lọ́nà mìíràn, nítorí pé epo inú táńkì yẹn kì í jó bí epo ṣe ń jó nínú fìtílà. Páńpù ni yóò fún un ní atẹ́gùn. Atẹ́gùn yóò ti epo wọ inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba orí iná kọjá. Ìgbóná iná yẹn ni yóò sọ epo di oru kó tó yọ lẹ́nu ihò kékeré, oru á pàdé afẹ́fẹ́ nínú ikùn áyọ́ọ̀nù, á máa jó, iná búlúù, kò ní èéfín, kò ní òórùn tó le. Iná ń mú ọ̀pá gbóná, ọ̀pá ń sọ epo di oru, oru ń bọ́ iná. Bí ẹ bá ti lo sítóòfù onípáńpù rí, ìyẹn tí a máa ń fi abẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Tí ó bá ti gbéra báyìí, ẹ ó máa gbọ́ ọ, fùùùù, bí ìgbà tí ejò bá ń fẹ́ ní ọ̀nà jíjìn. Ohùn yẹn ló ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Tí mo bá gbọ́ ọ, mo ti mọ̀ pé bàbá mi wà nílé, pé a ó jẹun lálẹ́.

Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é kò yí padà. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ń bu epo sí i, kì í ṣe inú ilé láé. Aṣọ funfun tó mọ́ ni wọ́n ń tẹ́ sẹ́nu àrọ kí pàǹtí má bàa wọlé. Wọ́n á wá páńpù, wọ́n á máa kà á lábẹ́ ètè wọn. Wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á gbé e lé ẹsẹ̀ irin rẹ̀, wọ́n á lọ wẹ ọwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ìró omi yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó tó fún kóòtù tàbí ó ṣì jẹ́ ti aṣọ sẹ́dà. Bẹntiróòlù mọ́tò tí à ń rí rà níbí kò bá ọ̀pá rẹ̀ mu, ó máa ń dí i. Ó dí pátápátá ní 1971, kò sì sí ibi tí a ti lè ra òmíràn. Alágbẹ̀dẹ kan ní Òkèlérin ló yọ ọ́, tó fi iná sun ìdọ̀tí inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi wáyà tó tín-ín-rín bí irun gún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ṣe é. Awọ inú páńpù ńkọ́? Awọ bàtà àlòkù ni bàbá mi gé, tí wọ́n rẹ sínú òróró. Awọ yẹn ló ṣì wà nínú rẹ̀ di òní.

Ọmọ-ọmọ mi tí mo sọ, Yunifásítì LAUTECH ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ. Lọ́dún tó kọjá ni mo ní kó bá mi wá ẹni tí Coleman í ṣe. Láti kékeré ni mo ti ń pe orúkọ yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí ìlú. Ó kà á fún mi ní alẹ́ ọjọ́ kan títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an, mo sì ní kó tún un kà.

Ènìyàn ni. William Coffin Coleman ni orúkọ rẹ̀. Ní 1870 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e lọ sí Kansas nígbà tó ṣì kéré. Ó ṣe tíṣà. Ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa, débi pé àwọn tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ló ń bá a ka ìwé nígbà mìíràn. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kiri taipuráítà láti ìlú dé ìlú. Alẹ́ ọjọ́ kan ní ìlú kan ní Alabama, ó rí àtùpà kan lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Bẹntiróòlù tí wọ́n fún pa pẹ̀lú atẹ́gùn ló ń jó nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, kò ń mì lọ mì bọ̀. Coleman rí i pé pẹ̀lú ojú òun tí kò dá ṣáká, òun lè ka ìwé kékeré lábẹ́ iná yìí.

Ibẹ̀ ni mo ti ní kí ọmọ náà dúró ná. Ojú tèmi náà ti ń ṣe bàìbàì. Ọmọ iṣẹ́ ló ń bá mi fi òwú sójú abẹ́rẹ́ láti bí ọdún mẹ́fà. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí ènìyàn rí ìmọ́lẹ̀ kan kí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tó tọ́ mi dàgbà, ojú tó ń dun ẹnìkan ló bí i.

Ní 1900, Coleman lọ sí ìlú Kingfisher ní Oklahoma láti ta àtùpà náà. Méjì péré ló tà. Ẹlòmíràn ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ti ta irú rẹ̀ fún àwọn olóṣọ́ọ̀bù, àtùpà yẹn dí, kò tàn mọ́, ẹni tó tà á sì ti lọ. Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àtùpà sétí. Ohun tí Coleman wá ṣe ni pé kò tà á mọ́. Ó ń fi yá wọn ni, dọ́là kan lọ́sẹ̀, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló ń tún un ṣe. Bí kò bá tàn, kí ẹ má sanwó. Ẹni tó bá ti háyà àtùpà gáàsì fún àìsùn òkú rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí mọ ohun tí mò ń sọ. Kí iná ìjọba tó dé àdúgbò, gáàsì la máa ń gbé kọ́ sí abẹ́ àtíbàbà, ẹni tó ni ín yóò wà nítòsí pẹ̀lú páńpù rẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń rọ̀ yóò dìde. Tí ó bá kú ní òru, tí àwọn onílù kò rí iwájú mọ́, kò sí ìyá olóde tí yóò sanwó pé. Àwọn tó ń háyà gáàsì nílùú wa kò mọ Coleman, Coleman kò mọ̀ wọ́n, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n jọ dá.

Ó kó lọ sí Wichita lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ rẹ̀ ti gbilẹ̀. Ní 1905 wọ́n fi àwọn àtùpà rẹ̀ tan pápá kan, àwọn ọmọ iléèwé gíga méjì gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà lórí rẹ̀ lóru. Ní 1914 ni láńtà rẹ̀ jáde, èyí tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́ nínú òjò àti atẹ́gùn. Wọ́n fi í ṣe olórí ìlú Wichita ní 1923. Nígbà ogun Hitler, iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣe sítóòfù kékeré kan fún àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ní 1942. Áyọ́ọ̀nù ni ti tèmi, ìdí tó fi ṣe é sì yé mi ju gbogbo ìyókù lọ. Henry Seely ti gba ìwé àṣẹ lórí áyọ́ọ̀nù oníná láti 1882 ní New York, ṣùgbọ́n kí ni olóko yóò fi í ṣe nígbà tí wáyà iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nínú ilé olóko mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, bí ẹyọ kan ni iná wà. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ni Coleman rò. Ìyàwó olóko ní Kansas ń lọṣọ pẹ̀lú ohun kan náà tí bàbá mi fi ń lọ kóòtù dókítà ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé iná kò sí ní ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ní 1935 ìjọba Amẹ́ríkà dá àjọ sílẹ̀ láti fa iná dé oko. Bí wáyà ṣe ń dé ni wọ́n ń gbé áyọ́ọ̀nù búlúù sórí àjà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa iná dé, ó lọ, ó tún dé, ó tún lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi tún ń wá gáàsì kiri lónìí.

Coleman kú ní 1957. Ọdún kan ni áyọ́ọ̀nù náà ti lò lọ́wọ́ bàbá mi nígbà yẹn. Bàbá mi ń pe orúkọ ọkùnrin náà lójoojúmọ́, wọn kò mọ̀ pé ó kú.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ dùn. Ní 1967, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, epo tán nínú áyọ́ọ̀nù lójú iṣẹ́. Bàbá mi ti kìlọ̀ pé kí a jẹ́ kó tutù tán, kí a sì gbé e lọ sábẹ́ máńgòrò. Mo ń kánjú, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bu epo sí i, ààrò ìyá mi kò sì jìnnà. Oru bẹntiróòlù kì í lọ sókè, ilẹ̀ ló ń rá gbà. Ó rá dé ìdí ààrò, iná sì gba ọ̀nà tó gbà yẹn padà wá bá mi. Yanrìn ni bàbá mi fi pa á. Wọ́n gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù, wọn kò bá mi wí títí a fi dé ibẹ̀. Àpá rẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ òsì mi. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń lo tìsinsìnyí, ẹ gbé sílíńdà síta, ẹ má gbé e sábẹ́ tábìlì tí ẹ ti ń lọṣọ. Ẹ fi ìfófó ọṣẹ wo oríkèé okùn rẹ̀; bó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Orí sílíńdà ni kí ẹ ti máa tì í lálẹ́, kì í ṣe ara áyọ́ọ̀nù nìkan.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an ṣẹlẹ̀ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Mo lọ sí ìkómọ ní Ìbàdàn. Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri, tí wọ́n ń ra irin àlòkù, wọ àdúgbò wa ní Àpáké. Ọmọ iṣẹ́ tuntun kan rò pé òun ń bá mi tún ilé ṣe, ó kó àwọn irin tó wà lábẹ́ pẹpẹ jáde fún wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Sábó, mo ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Mo bá Kóómáànù lórí òkìtì irin, láàárín àgánrándì àti ẹ̀ńjìnì jẹnẹrétọ̀. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, kílò kílò. Ìlọ́po mẹ́ta owó tí wọ́n fún ọmọ yẹn ni mo fi rà á padà, n kò yọ náírà kan, mo gbé e mọ́ra bí ọmọ títí mo fi délé. Tánganran rẹ̀ ti bó níbì kan. Áyọ́ọ̀nù alákùkọ bàbá mi ńkọ́? Ó ti bá ọkọ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo sunkún, mi ò tijú láti sọ ọ́. Ọwọ́ bàbá mi ti dán ibi tí a ń dì mú lára áyọ́ọ̀nù yẹn débi pé igi rẹ̀ ń tàn.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní igun kan nínú ìwé ìròyìn yín. Kí ẹni tó bá ní áyọ́ọ̀nù alákùkọ, àtùpà gáàsì, máṣíìnì alọ́wọ́, sítóòfù onípáńpù, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kó sọ ẹni tó lò ó àti iṣẹ́ tó fi ṣe. Ní Ọ̀yọ́, ní Ìsẹ́yìn, ní Ṣakí, wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn àwọn ìyá wa. Ọmọlanke ń kọjá lójú pópó lójoojúmọ́.

Ẹ sì bá mi wá èkejì. Tọkọtaya òyìnbó yẹn kò pín áyọ́ọ̀nù méjèèjì sọ́nà jíjìn, Ìjẹ̀rù ni. Alágbàfọ̀ kejì tí wọ́n fún, Bàbá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, wọ́n ga, wọ́n máa ń wọ fìlà búlúù, wọ́n sì máa ń wá sílé wa lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta láti yá abẹ́rẹ́ tí bàbá mi fi ń gún ihò iná. Ìgbà tí wọ́n yá a kẹ́yìn, wọn kò rí àyè dá a padà kí ọlọ́jọ́ tó dé. Bí ọmọ wọn tàbí ọmọ-ọmọ wọn bá ń ka èyí, kí ó yẹ orí àjà wò. Bí áyọ́ọ̀nù búlúù bá wà níbẹ̀, tó ní táńkì roboto lẹ́yìn, kí ó má tà á. Bí ó bá rí abẹ́rẹ́ náà nítòsí rẹ̀, òwú pupa ni bàbá mi wé mọ́ ìdí rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá téèlọ̀ kan,
Àpáké, Ògbómọ̀ṣọ́.